Abẹ́rẹ́ fúlúù ní Ìkòròdú: kí ló yẹ ká bèèrè ká tó na apá?

Apòògùn_Sábó

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú, Ìgbógbó, Ìmọ̀tà, Ìjẹ̀dẹ̀ títí dé Báyékù. Ìbéèrè lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù ń ya wọlé láti ìgbà tí ikọ́ ti gba ìgboro, ìdáhùn tí à ń rí kà kò sì bára mu. Mo ṣí èyí kí gbogbo rẹ̀ lè wà lójú kan. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dá sí i, kó sì sọ èyí tó dá a lójú nìkan.

Ohun tó ń da àwọn òbí láàmú jù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fúlúù kò sí lára àjẹsára ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wa. Ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 pé pérépéré kò tíì gba ti fúlúù rárá. Ẹ wo káàdì ọmọ yín, ẹ ó rí Penta. Ọ̀kan nínú ohun márùn-ún tí Penta ń dènà ni wọ́n ń pè ní Hib, orúkọ rẹ̀ ní kíkún sì ní "influenzae" nínú. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wá. Hib jẹ́ bakitéríà tó ń fa yírùnyírùn àti òtútù àyà lára ọmọdé. Fáírọ́ọ̀sì ni fúlúù ní tirẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ rí bakitéríà yẹn láyé ọjọ́un rò pé òun ló ń fa fúlúù, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe náà hàn nígbà tó yá, àmọ́ orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Rírà là ń ra abẹ́rẹ́ fúlúù. Ilé ìwòsàn aládàáni àti àwọn fámásì ńlá ló máa ń ní in, kì í sì í sí nílẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì inú àdúgbò: òfin kò gbà wọ́n láyè láti gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, bó ti wù kí ọwọ́ wọn tutù tó.

Àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbà á ni aláboyún, àwọn àgbàlagbà, ọmọ tó ti pé oṣù 6 títí dé ọdún 5, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ásímà, àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, àti àwa tí à ń ṣiṣẹ́ láàárín aláìsàn. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ lè gbà á náà.

Ìyá_Ìbejì_Òwútù

Ẹ ṣeun sà. Ṣé kì í ṣe ọ̀fìnkìn náà ni fúlúù ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀dọ̀ wa kò rí ìdí tí èèyàn á fi san owó nítorí imú tó ń ṣomi. Àwọn mìíràn tún ní abẹ́rẹ́ náà gan-an ló ń kó fúlúù ran èèyàn.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbógbó

Ẹ kú ìbéèrè mà. Ọ̀fìnkìn máa ń yọ́ wọlé ni: ọ̀fun á kọ́kọ́ máa yúnni, imú á máa ṣomi, èèyàn á sì ṣì máa rìn kiri. Fúlúù máa ń já lu èèyàn ni. Ẹni tó jí ní àlàáfíà lè máa gbọ̀n kó tó di ọ̀sán, pẹ̀lú ibà gíga, ẹ̀fọ́rí, ikọ́ gbígbẹ, àti kí gbogbo oríkèé máa ro ó bí ẹni tó gbé blọ́ọ̀kù. Ọjọ́ 1 sí 4 lẹ́yìn tí èèyàn bá kó o ló máa ń yọjú. Ẹni tó ní in sì ti lè kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná, títí di bí ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí pé ó jọ ibà ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn lọ gbé oògùn ibà mì. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn ná, ẹ̀jẹ̀ orí ìka ni wọ́n á gbà, kì í pẹ́. Bí kò bá sí ibà ẹ̀fọn, ẹ má fi oògùn rẹ̀ tọ́ ara wò. Ẹ má sì lo oògùn apabakitéríà, kò rí nǹkan ṣe sí fáírọ́ọ̀sì. Oògùn tó ń bá fúlúù jà gan-an wà, oseltamivir ni wọ́n ń pè é. Dókítà ló ń kọ ọ́, ó sì dára jù kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 48 tó kọjá. Ọmọdé tó ní fúlúù kò gbọdọ̀ lo ásípírìn. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ti pé abẹ́rẹ́ ń fún èèyàn ní fúlúù: kò rí bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ló wà nínú èyí tí wọ́n ń gún sí apá. Òkú kì í bímọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara nílò bí ọ̀sẹ̀ 2 kó tó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jọ, ẹni tó bá sì kó fúlúù láàárín ọ̀sẹ̀ 2 yẹn á ní abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Apá lè dun èèyàn, ara lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ 1 tàbí 2. Ìyẹn ni iṣẹ́ ara, kì í ṣe àìsàn.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lérò pé ó ń dí ọ̀nà pátápátá. Ní ọdún tí abẹ́rẹ́ bá bá fáírọ́ọ̀sì tó wà níta mu dáadáa, ó máa ń dín iye ẹni tí fúlúù ń gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní bí ìpín 40 sí 60 nínú 100. Ẹni tó bá tún kó o lẹ́yìn tó ti gba abẹ́rẹ́, àìsàn náà kì í sábà le débi gbígbé e sọ́sibítù. Ọ̀fìnkìn lásán yóò ṣì máa wá o, fáírọ́ọ̀sì mìíràn ló ń fa ìyẹn.

Olùtọ́jú_Àjẹsára

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí fíríìjì, torí ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti ń bàjẹ́ ní ìlú wa kó tó dé apá ẹnikẹ́ni.

Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é títí dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì, àárín ìwọ̀n 2 sí 8 ní Sẹ́líṣọ́ọ̀sì ni abẹ́rẹ́ fúlúù gbọ́dọ̀ wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ooru ń bà á jẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé yìnyín burú jù ooru lọ fún un. Ooru á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dì lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí, dídà ni ẹ ó da á nù. Ẹni tó bá tì í sínú fírísà "kó lè tutù dáadáa" ti ṣe é léṣe tí kò ṣeé tún ṣe.

Ewu ibẹ̀ ni pé ojú kò lè rí i. Àwọn abẹ́rẹ́ kan, bíi ti tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ B, ní èròjà kan tó dà bí ìyẹ̀fun nínú, álúmù ni wọ́n ń pè é. Bí a bá fura pé wọ́n ti dì, a máa ń gbọn ìgò náà pẹ̀lú ìgò mìíràn tí a mọ̀ọ́mọ̀ mú dì, a ó gbé méjèèjì kalẹ̀, a ó sì wò ó bóyá ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń tètè rì bíi tèkejì. Abẹ́rẹ́ fúlúù tí à ń lò níbí kì í sábà ní álúmù, nítorí náà ẹ̀rí gbígbọ̀n yẹn kò wúlò fún un. Ó lè dì lóru, kó yọ́ láàárọ̀, kó sì mọ́ gaara bíi tuntun. Àkọsílẹ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́.

Nítorí náà, ẹ bèèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí tẹ̀mómítà inú fíríìjì yín?" Ọ̀rọ̀ ìbínú kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ á ní tẹ̀mómítà láàárín fíríìjì, á sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó kéré tán. Ẹ wo ìwé yẹn. Bí gbogbo ọjọ́ bá jẹ́ "5, 5, 5, 5" pẹ̀lú bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, títí kan ọjọ́ Àìkú tí wọn kì í ṣí, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú fíríìjì fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í gbé ẹnu ilẹ̀kùn, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lù ú. Kì í fara kan ẹ̀yìn pátápátá níbi tí yìnyín ti ń hù, kì í sì í jókòó sábẹ́ ihò tí otútù fírísà ti ń fẹ́ wá. Àárín ni ibùgbé rẹ̀, nínú páálí rẹ̀, torí iná àti oòrùn náà ń bà á jẹ́. Fíríìjì tí wọ́n ti ń mú pọ́ọ̀ wọ́tà àti mínírà tà fún oníbàárà kì í ṣe fíríìjì àjẹsára. Ṣíṣí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn ẹranko pẹ̀lú tèèyàn ní ọ̀nà Odògùnyàn: abẹ́rẹ́ adìyẹ kì í bá tèèyàn gbé inú fíríìjì kan náà.

Ní ti iná. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má ṣí fíríìjì, ẹ má ní ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí olùtọ́jú ti to ìgò omi sí àwọn àyè tó ṣófo ṣáájú. Omi tútù yẹn ni yóò di otútù mú títí jẹnẹrétọ̀ á fi dáhùn. Bí iná bá padà dé, ó máa ń dé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti ń jóná. Fíríìjì àjẹsára tí kò ní sítábíláísà, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń dúró dè.

Ìyá_Ìbejì_Òwútù

Háà! Ká ní èèyàn ra abẹ́rẹ́ ní Ìkẹjà, ó sì fẹ́ gbé e wá fún nọ́ọ̀sì níbí ńkọ́? Gòsìlóò Máìlì 12 nìkan tó wákàtí méjì nígbà mìíràn.

Olùtọ́jú_Àjẹsára

Mà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó tà á gún un, níbi tó ti tà á. Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, kúlà tó nípọn ni kí ẹ lò, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù. Ẹ yọ áìsì páàkì kúrò nínú fírísà, ẹ tò ó sórí tábìlì, ẹ máa gbé e gbọ̀n létí. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ tí omi ń ró nínú rẹ̀, tí òógùn sì bo ara rẹ̀, ló tó wọ kúlà. Èyí tó ṣì le koránkorán tó funfun bí eérú yóò mú abẹ́rẹ́ dì lójú ọ̀nà. Ẹ nu òógùn rẹ̀, ẹ fi páálí tàbí ìwé ìròyìn tó nípọn sáàárín òun àti abẹ́rẹ́, ẹ fi tẹ̀mómítà kékeré sí i, kí ẹ sì má ṣí i títí ẹ ó fi dé. Omi dídì inú láílọ́ọ̀nù pọ́ọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń gbé lé páálí abẹ́rẹ́ lórí ń ba méjèèjì jẹ́: yìnyín ń mú un dì, omi sì ń pa ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ́.

Apòògùn_Sábó

Mo fẹ́ fi bí a ṣe ń ka páálí kún un. Lọ́dọọdún ni fáírọ́ọ̀sì fúlúù ń pààrọ̀ aṣọ. Nítorí ìyẹn, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti yan èyí tí abẹ́rẹ́ yóò dojú kọ: oṣù Èrèlé fún ìdajì ayé ti àríwá, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ fún ti gúúsù. Bí páálí bá kọ ọdún méjì pọ̀, bíi 2025/2026, ti àríwá ni. Ti gúúsù máa ń kọ ọdún kan. Abẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá kì í ṣe ti ọdún yìí, kódà bó bá wà nínú fíríìjì tó dára jù. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò ẹ́sípáyà, nọ́ńbà NAFDAC, àti nọ́ńbà ìpín tí wọ́n ti ṣe é ("batch number").

Lára páálí kan náà, ẹ ó rí orúkọ irú fáírọ́ọ̀sì mẹ́ta: A(H1N1), A(H3N2) àti B ti ìdílé Victoria. Tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ máa ń ní. Ẹ̀kẹrin, B ti ìdílé Yamagata, ni wọn kò rí mọ́ níbikíbi lágbàáyé láti oṣù Ẹrẹ́nà 2020, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó jù torí pé tòun jẹ́ mẹ́rin, ẹ má dá a lóhùn.

Ìgbà wo ló dára? Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, fúlúù kò ní ìgbà òtútù kan tó ń dúró dè bíi ti òyìnbó. Ẹ gba èyí tó tuntun jù tó bá wà nílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà nígbà òtútù wọn, kó gbà á ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ọjọ́ tó máa wọ bàálù.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbógbó

Ibi tí a ń gún gan-an ni mo fẹ́ dúró lé. Ẹ̀yin àgbà wa ń fẹ́ ká gún ìdí, ẹ ní apá ń dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè ìdí. Ọ̀rá ibẹ̀ nípọn, abẹ́rẹ́ lè má dé inú ẹran ara, iṣan ìmọ̀lára ńlá tó lọ sí ẹsẹ̀ sì tún gba ibẹ̀ kọjá. Apá òkè ni, mìlílítà 0.5 ni fún àgbàlagbà.

Ẹ wọ bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀, tàbí aṣọ tí ẹ lè bọ́ èjìká rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fa ọrùn aṣọ wálẹ̀ ká lè ríbi gún, òkè jù là ń gún un, abẹ́rẹ́ á sì wọ oríkèé èjìká. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ fún oṣù púpọ̀, kó má jẹ́ kí èèyàn lè gbé apá di irun. Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹni tí à ń gún jókòó, kí ẹni tó ń gún náà jókòó, kí ojú wọn bá apá dọ́gba. Kí ó fọwọ́ tọ́ egungun ṣóńṣó orí èjìká, kó wọn ìka 2 sí 3 sísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín ibi tí ẹran ti ki nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀, ní òòró gbọnrangandan. Kí ẹ dẹ ọwọ́ yín sílẹ̀ lórí itan. Apá tó le ló ń dun èèyàn jù.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Kí ẹ tó gbà á pàápàá, ẹ bi wọ́n bóyá adirenalínì, oògùn pàjáwìrì, wà nílẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ara ẹnì kan kọ abẹ́rẹ́ náà lójijì: kí ètè wú, kí èémí máa há, kí ara máa lé, kí ojú máa ṣú u. Bó bá ṣẹlẹ̀, adirenalínì ni, mìlígíráàmù 0.5 sínú ẹran itan fún àgbàlagbà, kíákíá. Ibi tí wọn kò bá ní in, ẹ má gba abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ má fi róòbù ra ojú abẹ́rẹ́, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù tó, kí ẹ sì máa lo apá náà. Parasitamó wà bó bá dun yín jù. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kó sọ ṣáájú: abẹ́rẹ́ tínínrín la ó lò, a ó sì fi òwú tẹ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, láìfi ra á.

Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná gan-an lónìí, kó dúró di ìgbà tó bá yá. Ọ̀fìnkìn díẹ̀ láìsí ibà kì í ṣe ìdí láti padà sílé. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ fúlúù burúkú rí kò gbọdọ̀ gbà á mọ́. Ẹni tí àrùn Guillain-Barré, èyí tí ń mú apá àti ẹsẹ̀ rọ, mú láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tó gba ti tẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹyin jíjẹ tó jẹ́ èèwọ̀ fún ara kò dí i lọ́wọ́ mọ́.

Agbẹ̀bí_Ìjẹ̀dẹ̀

Fún aláboyún, kò sí oṣù tí kò dára. Ẹ lè gbà á lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún yín ní ilé ìlera, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú, tí fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ṣì wà láàyè bó tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ti aláboyún. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò lè gba abẹ́rẹ́ fúlúù fúnra rẹ̀. Èyí tí ìyá gbà nínú oyún ló ń gba ìwọ́ kọjá sí i lára, òun ni ààbò rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè gbà á láìsí wàhálà.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 láàárín wọn. Itan là ń gún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ọlọ́sìn_Ìmọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé abẹ́rẹ́ yìí ń dènà ti adìyẹ? Àwa tí à ń sin adìyẹ pọ̀ ní apá ibí.

Olùtọ́jú_Àjẹsára

Rárá o, kò dènà H5N1, fúlúù adìyẹ tó wọ oko adìyẹ ní Kàdúná ní 2006. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ẹ̀yin ọlọ́sìn gbà á síbẹ̀. Bí fúlúù èèyàn àti fúlúù adìyẹ bá pàdé nínú ara ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀yà ara wọn, kí tuntun tí ara ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sì jáde. Abẹ́rẹ́ ń dín àǹfààní ìpàdé yẹn kù. Bí adìyẹ bá ń kú wìtìwìtì, ẹ má pa èyí tó kù tà, ẹ má fọwọ́ lásán kó òkú wọn; ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba.

Ọmọ_Ìpakodò

Àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ńkọ́? Ṣé wọ́n á bèèrè rẹ̀?

Apòògùn_Sábó

Ti yírùnyírùn (ACWY) ni dandan, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ẹ tó dé. Ti fúlúù, wọ́n ń gba àwọn tó ń lọ níyànjú gan-an pé kí wọ́n gbà á, torí èrò tó ń há mọ́ra níbẹ̀. A lè gba méjèèjì lọ́jọ́ kan. Ẹ gba ìwé: orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà ìpín, ọjọ́, àti apá tí wọ́n gún.

Ìyá_Ìbejì_Òwútù

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù. Bí ọmọ ọdún 3 bá ti gba ti àkọ́kọ́, tí èkejì kò sí ní fámásì títí ó fi di ọ̀sẹ̀ 7, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á padà sí?

Agbẹ̀bí_Ìjẹ̀dẹ̀

Rárá mà, àkọ́kọ́ kò ṣòfò. Ẹ fún un ní èkejì lọ́jọ́ tí ẹ bá ti rí i. Kò pọn dandan kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà, kó ṣáà ti jẹ́ ti ọdún yìí, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ọdún 3 mọ́ lára páálí. Láti ọdún tó ń bọ̀, ẹyọ kan ló kù lọ́dọọdún.